Odídẹrẹ́ Tí O Fi Ránṣẹ́ Ti Ń Jẹun

Ilé wa, Mọ̀pà,
Ọjọ́ Ẹtì, nínú oṣù Kẹfà, 2015.

Bámiṣayọ̀ ọmọ mi àtàtà,

Okun o. O kú iṣẹ́ ìjọba, o kú wàhálà mọ́tò òwúrọ̀, o kú ìtọ́jú ọkọ àti ọmọ. Festus ọkọ rẹ ńkọ́? Shalom ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé imú rẹ̀ ti gbẹ báyìí tí ẹyẹ ti kúrò nílé? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìjì tó ṣí páànù ilé ìwé níbí ṣí tiwa, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ilé yín ní Lugbe. Ibi kò ní mọ ẹnu ọ̀nà yín, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní bínú sí ọ láìnídìí, ìkòkò rẹ kò ní gbẹ. Àmín ní orúkọ Jésù.

Èmi náà wà dáadáa, àfi orúnkún ọ̀tún tó máa ń bá mi jà tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, akọ méjì. Píà ẹ̀yìnkùlé so débi pé ó ń já bọ́ sórí páànù bí ẹni ń sọ òkò lù wá. Wàsílátù aládùúgbò wa, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ, ní kí n bá òun kí ọ, ó ní tí o bá ń bọ̀ kí o bá òun ra bàtà tí kò ga. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ tí Festus rà ní Kugbo níjọ́ tó lọ ra àga, tí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí mi nítorí imú Shalom, ló jẹ́ kí n mú bírò. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí fóònù kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀ kó tó gé e. Japheth awakọ̀ tó gbé ẹyẹ wá náà ni yóò mú lẹ́tà yìí wá bá ọ.

Ẹyẹ náà gúnlẹ̀ láyọ̀. Japheth ní iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni òun gbé e sí, àmọ́ láti Lugbe ló ti ń kí gbogbo àwọn agbófinró tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ní sànnu, sànnu bíi Haúsá, ọ̀kan nínú wọn sì ti dáhùn yauwa kó tó bojú wo inú ọkọ̀ tó rí i pé ẹyẹ ni, inú wá bí i, ó ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀. Mo ní kí Japheth má bínú, ọmọ tó bá kí àgbà kò ṣẹ̀.

Mo ka ìwé tí o so mọ́ kéèjì. O ní kí n máa pààrọ̀ omi rẹ̀ láràárọ̀, mo ń ṣe é. O ní kí n má jẹ́ kó fẹnu kan iyọ̀, kí n má sì fún un ní píà láéláé nítorí májèlé ni fún irú wọn. Ìyẹn dùn mí díẹ̀, pé kéèyàn ní píà tó tó báyìí kí àlejò má lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo gbà. O ní kí n máa fi aṣọ bò ó nírọ̀lẹ́ kó lè sùn, o ò wá sọ aṣọ wo. Èmi ò lè fi àkísà bo ẹyẹ tó ti Àbújá wá, nítorí náà mo bọ́ kóòtù tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi bò ó. Ó ti mọ́ ọn lára báyìí, aṣọ mìíràn kò bá a lára mu, ó sì ti yàgbẹ́ sí àpò ibẹ̀. Àlùfáà bi mí lọ́jọ́ Àìkú pé Bàbá, kóòtù yín ńkọ́, mo ní ó wà lára ẹyẹ.

Agolo oúnjẹ rẹ̀ ló kó mi sí ìdààmú. Bámiṣayọ̀, agolo tí wọ́n bá ya ẹja sí lára, ẹja ló máa ń wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ya màlúù sí, ẹran màlúù ni. Mo wá wo agolo yìí, mo rí odídẹrẹ́ gbàgàdà lára rẹ̀. Mo ní háà, ṣé ọmọ tí mo bí ló ní kí n máa fún ẹyẹ ní ẹran ara bàbá rẹ̀ jẹ? Mo gbé agolo náà pamọ́ sókè àjà, mo gún iyán fún un. Kò wo iyán náà. Mo se ìrẹsì, kò wò ó. Ìgbà tí Wàsílátù wá ló ní ká kúkú ṣí agolo náà wò, a ṣí i, ọkà àti ẹ̀pà ló kún inú ẹ̀. Ojú tì mí, mo bù díẹ̀ fún un. Síbẹ̀ kò jẹ.

Kò jẹ o. Ó ká ara jọ sí kọ̀rọ̀, ó ń fi ẹnu tu ìyẹ́ àyà rẹ̀, ìyẹ́ kún ilẹ̀ kéèjì. Ẹ̀rù bà mí gidi. Ọjọ́ tí o ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àbújá, èmi àti ìyá rẹ sìn ọ́ dé gáréèjì, mo gbé ọwọ́ lé ọ lórí, mo ní odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, ìwọ náà kò ní kú sóko ìwájẹ, ìyá rẹ sì ń ṣe àmín títí ọkọ̀ fi lọ. Àdúrà yẹn ni mo ń gbà fún ọ láti ìgbà náà, òwúrọ̀ kan kò kọjá. Odídẹrẹ́ wá ti ọ̀dọ̀ rẹ dé wàyí, ilé mi ló di oko ìwájẹ fún un, ó sì fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Tó bá kú, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi gba àdúrà náà lọ́jọ́ kejì? Mo bi Àlùfáà, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú Bíbélì. Mo ní mo mọ̀ pé kò sí nínú Bíbélì, ẹnu mi ló wà. Mo bá pinnu pé ẹyẹ yìí ò ní kú, bó ti wù kó rí.

Nínú ìdààmú yẹn ni fóònù tún gbé tiẹ̀ dé, ìwọ ni mo sì kọ́kọ́ bínú sí. Láràárọ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, fóònù á dún, n ó sáré gbé tèmi, n ó ní hẹ̀lóò, hẹ̀lóò, kò ní sí ẹnì kankan. Mo ní kí ló dé tí Bámiṣayọ̀ fi ń fíláàṣì bàbá rẹ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́? Mo gbé fóònù lọ bá Adéjùwọ́n tó ń tún un ṣe ní oríta, mo ní kó bá mi wo ibi tí ìpè ti ń jò. Ó ní kí n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo padà délé, fóònù ń dún! Fóònù wà lọ́wọ́ Adéjùwọ́n, ó tún ń dún nínú yàrá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù. Mo kà á dé àárín kí n tó rí i pé ẹnu ẹyẹ ló ń ṣí. Ohùn fóònù tìrẹ ló ti kó wá láti Lugbe. Ó tún mọ bí jẹnẹrétọ̀ yín ṣe máa ń wúkọ́ kó tó gbiná, ó sì mọ bí Shalom ṣe ń pariwo pé Ọ̀pù NÉPÀ. Nígbà tó kọ́kọ́ pariwo yẹn, mo tẹ iná, mo jókòó sábẹ́ gílóòbù, mo ń retí.

Kí ó má baà dá wà nílé, mo gbé e dání lọ sí báǹkì ní Kàbbà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ gbogbo wa níka fún nọ́ńbà tuntun tí wọ́n ń pè ní BVN. Mo tẹ gbogbo ìka mi. Mo ní ṣé wọn ò ní tẹ ti ẹyẹ ni, nítorí òun ni owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ ń bọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní rárá, sà. Ó wá bi mí pé ta ló sún mọ́ mi jù, kí àwọn kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀. Mo wo inú kéèjì. Mo ní ẹyẹ yìí ni, nítorí láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, òun nìkan ló ń bá mi gbé inú ilé. Ọmọbìnrin náà ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ọmọ yín. Mo bá dárúkọ rẹ.

Ọjọ́ tí a ti báǹkì dé yẹn ló jẹun. Ó ti rẹ̀ mí, ebi ń pa mí, mi ò lè gbé àga, mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, mo ń jẹ iṣu sísun. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Mo mú ẹyìn kan nínú èyí tí Wàsílátù kó wá, mo nà án sí i. Ó fi ẹsẹ̀ kan gbà á bí ẹni gba kọ́ọ̀pù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo dáwọ́ dúró, òun náà dáwọ́ dúró. Mo bù jẹ, òun náà bù jẹ. Àṣé kò lè dá jẹun ni! Ó ti mọ́ ọn lára pé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹun lójú rẹ̀. Ó wá di dandan kí èmi tí mo ti fi gààrí ṣe ọ̀rẹ́ láti ìgbà ìsìnkú ìyá rẹ máa se oúnjẹ ọ̀sán kí ẹyẹ má baà kú. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ ti ń hù padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi náà ti ń kún, Wàsílátù ló sọ bẹ́ẹ̀. O ṣeun, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú mi.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà nìyí. Iṣu àti ẹ̀wà ni mo ń sè tẹ́lẹ̀. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wù mí kí n dín ata bí ìyá rẹ ṣe máa ń dín in. Mo gbé kéèjì sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kó lè máa rí mi, mo rẹ́ àlùbọ́sà, mo dà á sínú epo gbígbóná. Bó ti ń ta ṣaṣa nínú epo ni ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe igbe ẹyẹ. Ẹkún èèyàn ni, ẹkún ẹni tó fi aṣọ dí ẹnu kí ará ilé má baà gbọ́. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rò pé ẹnìkan wọlé. Ó ní Màámi. Ó tún ní Màámi. Ó fun imú. Ó ṣe bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí. Lẹ́yìn náà ni fóònù dún nínú ọ̀fun rẹ̀, ó wá fi ohùn rẹ, ohùn rẹ gan-an, sọ pé Bàámi, ẹ kú ọ̀sán o, àlàáfíà ni gbogbo wa wà, kò séwu rárá, ó sì rẹ́rìn-ín bí o ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀. Mo ní bóyá ọjọ́ kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo mọ̀ọ́mọ̀ tún dín àlùbọ́sà, ó tún sunkún, ó tò ó bákan náà, Màámi, imú, omi, fóònù, ẹ̀rín. Odídẹrẹ́ kì í mú ohun tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo sì mọ ẹkún yẹn, Bámiṣayọ̀, èmi ni mo máa ń gbé ẹni tó ni ín jó nígbà tí eyín ń hù lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà ìsìnkú ìyá rẹ, ìwọ lo ń pín oúnjẹ, ìwọ lo ń wá àga fún àwọn ìyá ìjọ, gbogbo ènìyàn ní o gbójú, o ṣe bí ọkùnrin. Inú mi dùn. Mo rò pé ìlú ńlá ti mú ẹkún kúrò lára rẹ. Èmi náà, ọmọ mi, tí o bá pè, mo máa ń kọ́kọ́ fi etí aṣọ nu ojú kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Ìwọ ń nu ojú ní Lugbe, èmi ń nu ojú ní Mọ̀pà, a wá ń kí ara wa ní àlàáfíà. Ṣé irú ọ̀rọ̀ báyìí ló yẹ ká máa fi owó káàdì sọ? Wàsílátù ní kí n máa fi kóòtù bo ẹyẹ nígbàkúùgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀, pé yóò gbàgbé. Mo kọ̀. N kò ní fi aṣọ bo ẹkún ọmọ mi.

Láti ìgbà ìsìnkú lo ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ yín, mo sì ń kọ̀, nítorí nígbà tí mo wá kẹ́yìn, gbogbo ilé inú ẹ́sítéètì yín ló jọra, ilé onílé ni mo wọ̀, mo bọ́ bàtà, mo jókòó, wọ́n tiẹ̀ fún mi lómi kí wọ́n tó bi mí pé ta ni mí. Mo ti gbà láti wá báyìí. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Japheth. Fi owó kóòtù mìíràn kún un, nítorí èyí ti di ti ẹyẹ. Ẹyẹ kò ní bá mi wá, ilé Wàsílátù ni yóò wà, ilé tí oúnjẹ kì í kúrò lórí iná, yóò rí ẹni bá jẹun. So aṣọ pupa mọ́ géètì yín kí n lè mọ̀ ọ́n. Má lọ sí Kado lọ ra ẹja ńlá nítorí mi, eegun rẹ̀ máa ń há mi lọ́fun. Àlùbọ́sà ni kí o rà, kó pọ̀. Èmi ni n ó rẹ́ ẹ, ìwọ ni o ó dín in, tí ẹkún bá bọ́, ẹni tó ni ìyàwó àti ẹni tó ni ìyá ló wà nídìí ààrò, ta ni yóò bi wá léèrè?

Ọlọ́run tó fi ìyá rẹ ta wá lọ́rẹ yóò tù ọ́ nínú, kò ní ka omijé rẹ sí omi lásán. Festus yóò rí ojú rere níbi iṣẹ́. Shalom yóò dàgbà, yóò gbọ́ èdè bàbá àgbà rẹ̀, yóò sì fi dá a lóhùn. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Àmín.

Èmi ni Bàbá rẹ,
Hezekiah.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: n ó pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Tí ìpè mi bá bá ọ nínú ẹkún, má nu ojú, má ṣí omi. Gbé e bẹ́ẹ̀.