Ọlẹ̀ Olójú Kan

Ajé, 3 Ẹrẹ́nà 2025
Atẹ̀wé fẹ́ tún ìwé mi tẹ̀, ìwé ọ̀rọ̀ Ọjà Ọba nílẹ̀ Ẹ̀dó, Yorùbá àti Ẹ̀dó. Ìwé mi! Irọ́ ni. Àrìnpé ìyàwó mi ló kó àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ, tòun ti ọmọ lẹ́yìn, láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ní 1996 mo gbé e jáde lórúkọ tèmi nìkan. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ "fún ìrànlọ́wọ́ ìwé títẹ̀". Ojú ń tì mí.
Mo fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ àti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí atẹ̀wé fojú ara rẹ̀ rí i. Àrìnpé ò tíì mọ̀.

Ọjọ́rú, 5
Àwọn fáìlì àtijọ́ tí Àrìnpé kó ọ̀rọ̀ náà sí ò ṣí mọ́, àfi nínú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà tí Comfort ọmọ wa fi sórí ẹ̀rọ mi. Mo sọ ọ́ ní Ọlẹ̀, ọmọ inú oyún. Mọ́nítọ̀ méjì ló wà lórí tábìlì — ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlẹ̀ gbà. Ibi tí mo ti lè sọ ọ̀kan di méjì ṣú, kò ṣeé tẹ̀. Ọ̀lẹ ni ì bá máa jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo jókòó, mo dìde. Mo jókòó, mo dìde.

Ẹtì, 7
Mo pe Comfort lórí fóònù, ní ilé rẹ̀ ní Airport Road. Mo ń sọ Yorùbá, ó ń fi Pidgin dáhùn: "Daddy, you dey put am to sleep! Shut am down first." Lóòótọ́, ńṣe ni mo ń tẹ́ ẹ sùn lójoojúmọ́, n kò pa á rí. Mo pa á. Ibẹ̀ là. Mo fi méjì sí i, mo tan án. Ojú kejì mọ́lẹ̀ — àmọ́ ohun kan náà ló wà lójú méjèèjì. Comfort rẹ́rìn-ín: "Dat one just dey copy him brother. Choose extend."
Copy. Ó gún mi.

Àbámẹ́ta, 8
Mo yan extend, ojú kọ̀ọ̀kan gba ohun tirẹ̀. Ó bọ́ sí i! Iṣẹ́ Àrìnpé lósì, ìwé tèmi lọ́tùn-ún. Kí n tó bò ó, Àrìnpé ti gbé tíì wọlé. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mò ń ṣe. Ó nàka sí nọ́ńbà àwọn ọ̀rọ̀ lósì: 211, 213, kò sí 212. Ó nàka sí ọ̀tún: 211, 213.
Ó ní, "Bàbá Comfort, ọjọ́ tí mo fo 212, ara ọmọ yín ló gbóná. Ẹ dà á kọ tàṣìṣe tàṣìṣe. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń retí kí ẹ bi mí ibi tó wà."

Àìkú, 9
Mo ti kọ̀wé sí atẹ̀wé. Orúkọ Àrìnpé nìkan ni kó fi sára ìwé náà.
Mo wá bi í: ọ̀rọ̀ wo ni ká fi sí 212?
Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣófo. Ẹni tó bá béèrè, ẹ ní kó wá bi ẹni tó ni ín."