Màmá Mi-Ò-Tíì-Rán-an, Aránṣọ Tí Kì Í Parọ́

Ní ọdún 1946 ni a bí màmá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń tún aago ṣe. Ìyá wọn ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Màmá ni àbíkẹ́yìn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ.

Ní 1969, wọ́n fẹ́ bàbá wa, tí í ṣe mẹkáníìkì.

Ẹ ṣáà mọ àwọn aránṣọ: "Ẹ wá lọ́la, bọ́tìnì ló kù," nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú ọ̀rá. Màmá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wo ojú oníbàárà, wọ́n á ní, "Mi ò tíì rán an." Bí wọ́n ṣe gba orúkọ nìyẹn. Àwọn kan bínú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá.

Ní 1991, àkọ́bí wọn fi ọkọ̀ bàbá wa gbá olùkọ́ obìnrin kan ní ìkóríta, ó sì sá. Ẹsẹ̀ olùkọ́ náà kán. Awakọ̀ búrẹ́dì kan ládùúgbò ni ọlọ́pàá mú, nítorí àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ jọ tiwa. Nígbà tí Màmá rí iná ọkọ̀ wa tó fọ́, wọ́n bi àkọ́bí léèrè, ó sì jẹ́wọ́.

Bàbá wa ti mú iná tuntun lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ mi, ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì."

Màmá ní, "Bàbá ọmọ mi, ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi sí ọmọ ẹlòmíì lára yìí o. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni."

Wọ́n di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n bá a rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tú awakọ̀ búrẹ́dì sílẹ̀; àkọ́bí lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn ẹbí pe Màmá ní ìkà. Bàbá wa ò bá Màmá sọ ju ìkíni lọ. Màmá ń gbé oúnjẹ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n á sì yà kí olùkọ́ náà bí wọ́n bá ń bọ̀. Ẹkún wọn ò hàn sí wa, àfi pé ẹ̀rọ ìránṣọ á dákẹ́ lójijì, á sì pẹ́ kó tó tún dún.

Nígbà tí àkọ́bí jáde, ilé olùkọ́ náà ló kọ́kọ́ yà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀ kó tó wálé. Bàbá wa gbọ́, wọ́n sì wí fún Màmá pé, "Wá jókòó, ká jọ jẹun."

Màmá darí ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ, wọ́n sì ń parí ìjà ládùúgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ̀bi kì í fẹ́ kí wọ́n pe Màmá sí i.

Wọ́n sùn nínú Olúwa lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ sáyé. Àwọn kan nínú wa fẹ́ fo ọ̀rọ̀ 1991 nínú ìwé ìsìnkú yìí. Àkọ́bí ló kọ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ìyá ta ni ẹ fẹ́ sin?"

Màmá wa, ẹ fọkàn balẹ̀ sùn. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ yín sí ibi tó tura.