Òkúta Ẹnu Ọ̀nà Ilé Wa ní Atikori

Bọ̀ọ̀dá Mùbàṣírù,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màámi ti sàn díẹ̀. Páànù ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò.

Bọ̀ọ̀dá, èrò kún ilé wa lánàá! Shukurat àbúrò wa ló kó àwọn ọmọ yunifásítì wá láti Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn kiri wo àwọn ilé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n dé tiwa, ọ̀kan béèrè ohun tó mú kí òkúta ẹnu ọ̀nà máa dán tó báyẹn. Àfi bí Màámi ṣe dìde fùú lórí àga! Wọ́n ní, "Orí ẹ̀ la ti ń fomi tútù wẹ ẹsẹ̀ gbogbo ìyàwó ilé yìí kó tó wọlé." Ni Màámi bá bọ́ bàtà, wọ́n gun orí òkúta, wọ́n dúró bí ìyàwó tuntun. Gbogbo ilé hó yèè!

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ wó ilé náà kọ́ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wó o. Ìlú òyìnbó lẹ ti gbéyàwó, ẹsẹ̀ ìyàwó yín nìkan ni òkúta yẹn ò tíì mọ̀. Ẹ mú wọn wálé ná.

Ọlọ́hun á ṣọ́ yín dé. Màámi ti fọ igbá omi sílẹ̀.

Àbúrò yín,
Ìbíkẹ́