Bí Mo Ṣe Wọ Àpótí Orin Láṣọ Igi

                                        Akparé,
                                        Lẹ́bàá Atakpamé.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Èrèlé, 2024.

Roméo, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ. Ṣé dáadáa lo wà ní Lomé? Inès ìyàwó rẹ ńkọ́? Ikọ́ tó ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu nínú ọyẹ́ yìí ńkọ́, ṣé ó ti fi wọ́n sílẹ̀? Ara tiwa le, àfi ọwọ́ mi tí gọ́ọ̀mù kò tíì ṣí tán. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ.

O rántí àwọn sípíkà tó o yọ nínú mọ́tò àlòkù, tó o fi ránṣẹ́ sí mi? Mo ti kan àpótí pákó méjì fún wọn, ohùn wọn sì rinlẹ̀. Àmọ́ Aurélie wò wọ́n, ó ní ilé adìẹ ni mo kàn, wọn ò ní wọ pálọ̀ òun láyé. Ìwọ náà mọ ìyàwó mi. Ó dùn mí o, torí pálọ̀ yẹn ni mo fẹ́ ti máa nasẹ̀ gbọ́ orin bí mo bá toko dé. Mo ní kò burú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Mo lọ ra awọ igi tíìkì tó fẹ́lẹ́ bí ewé lọ́wọ́ káfíńtà kan ní Glei, kí n fi bo àpótí náà lára.

Káfíńtà náà kìlọ̀ fún mi. Ó ní kí n fi gọ́ọ̀mù pa àpótí, kí n fi pa awọ igi, kí n jẹ́ kí méjèèjì gbẹ díẹ̀ kí n tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fara kanra, ìkọ̀sílẹ̀ ò sí mọ́.

Àpótí kìn-ín-ní dára. Mo gbé awọ igi sókè lórí èkejì, mò ń wò ó kó gún, ni mo gbọ́ ohùn àna mi obìnrin lẹ́nu ọ̀nà: "Àgò onílé o!" Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dúró bí òpó níwájú ìyá tó bí ìyàwó mi? Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kí wọn. Awọ igi bá mi bẹ̀rẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ àpótí wọ́gọwọ̀gọ. Ìyá ò tíì kí tán o! Wọ́n béèrè oko, wọ́n béèrè iṣu, wọ́n béèrè ewúrẹ́. Mo wà lórí ìbẹ̀rẹ̀, mò ń dáhùn, gọ́ọ̀mù ń mú ṣinṣin.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Aurélie rẹ́rìn-ín títí ó fi dikùn mú, àánú mi wá ṣe é, torí ìyá rẹ̀ ló ṣe sábàbí. Aránṣọ ni ìyàwó mi, o kúkú mọ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ lé awọ igi, ó ń lọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ títí gọ́ọ̀mù fi rọ̀, ó sì ṣí i bí ẹni tú aṣọ tí wọ́n rán sódì. Òun fúnra rẹ̀ ló tún un lẹ̀, tó gé etí rẹ̀, tó fi fáníṣì pa á.

Ọ̀rẹ́ mi, kó o rí bó ṣe ń dán! Aurélie náà ló gbé méjèèjì wọ pálọ̀. Inú mi dùn, mo fò sókè. Ó tẹ́ léèsì funfun lé wọn lórí, ó gbé òdòdó lé ọ̀kan, ó gbé àwòrán ìyá rẹ̀ lé èkejì. Mo tan orin. Àpótí ń gbọ̀n, àwòrán ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó lórí rẹ̀. Ìyàwó mi sáré pa orin náà.

"Bàbá Espoir, ṣé ẹ fẹ́ kí ìyá mi já lulẹ̀ ni?"

Látọjọ́ náà, àpótí méjèèjì ò tíì dún mọ́. Bá mi kí Inès àti àwọn ọmọ. Àna mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní ibi tí àwòrán àwọn wà nínú pálọ̀ wa tẹ́ àwọn lọ́rùn. Àpótí ti wọlé, èmi ni mo bọ́ síta, mo gbé rédíò kékeré sétí.

Èmi ni tìrẹ láti ẹ̀yìnkùlé,
Isidore.