Àká Bàbá Oyèyẹmí àti Àwọn Ọ̀mọ̀wé Mẹ́ta

Agboolé Òkè-Ọ̀pẹ,
Rore,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin, 2025.

Barnabas, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà Iléyá ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, gbogbo wa ti wọ oko.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún ọ lórí fóònù pé àká Bàbá Oyèyẹmí, àbúrò bàbá rẹ, ti wó. Wọn ò ní sọ bó ṣe wó fún ọ, torí ojú ń ti gbogbo wọn.

Ó pẹ́ tí àká náà ti ń tẹ̀ sí ọ̀nà ilé ìdáná Ìyá Oyèyẹmí. Inú àká náà ni Ìyá ń kó àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọn yóò gbìn sí. Wọ́n fẹ́ wó o kí òjò tó dé, àfi bí àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ṣe ti yunifásítì kan dé, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí. Dókítà Safiyyah ń wá ìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀ àtijọ́. Ẹnjinnía Ayọ̀túndé ń wá ohun tó ń mú ilé dúró. Ní ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti bèèrè bóyá ohun tí ojú ènìyàn rí wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ìyá ní, "Àká yìí ti tẹ̀, yóò wó lé mi lórí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé ó tẹ̀, mà?"

"Ojú mi ni."

"Ojú a máa tanni jẹ. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ tẹ̀."

Ìyá wo ara wọn láti òkè délẹ̀.

Ẹnjinnía tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní àká yóò dúró títí àwọn ọmọ wa yóò fi darúgbó. Dókítà ní títẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá ṣe mọ ọ́n, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ọkà. Ó bi Bàbá pé ta ló mọ ọ́n. Bàbá gbé agbádá wọ̀, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní bàbá bàbá àwọn ni, lásìkò ogun. Barnabas, ìwọ àti èmi la jọ pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ àká yẹn. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Ta ni yóò pe àgbà ní òpùrọ́ lójú àlejò?

Ọjọ́ tí wọ́n pe àdúgbò jọ láti gbọ́ àbọ̀ ìwádìí ni ó wó. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọwọ́ lé ara àká, ó ń ṣàlàyé pé ọwọ́ pàápàá kò ṣeé gbára lé. Ògiri mì. Ìyá ní, "Ọ̀gá, ẹ kúrò níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni àlàyé ṣì wà tí àká fi ya lulẹ̀. Àgbàdo bò ó dé ìbàdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán. Bí a ṣe ń fà á jáde ló ń ké pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Nínú amọ̀ tó fọ́ ni Dókítà ti rí sílípáàsì rọ́bà kan. Ó gbé e dání, ó ń wò ó. Bàbá ní, "Èmi ni mo ni ín. Ó bọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí mò ń mọ àká." Dókítà jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń bi àwọn ní nǹkan kan mọ́ nínú ilé yìí. Nígbà tí Dókítà wá bi àwọn, àwọn ò fẹ́ kí ó tètè lọ.

Òjò ba ìdajì irúgbìn jẹ́. Olúkúlùkù wa bu díẹ̀ fún Ìyá nínú tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹnjinnía pè, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àlàpà náà, àwọn ń bọ̀ wá wádìí ohun tó mú un wó. Ìyá gba fóònù. "Ẹ̀yin mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni. Ọ̀kan kán, ó ku márùn-ún. Ẹ kó wọn bọ̀ kíá, amọ̀ àká tuntun wà nílẹ̀ tí a fẹ́ pò."

Asisat, ìyàwó mi, kí ọ. Bá mi kí gbogbo ilé. Jọ̀ọ́, pe Bàbá. Má dárúkọ àká rárá. Ṣáà bi wọ́n ní nǹkan kan, ohunkóhun, kí o sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Salaudeen.