Ẹ Sin Mí sí Ìkàrẹ́, Lẹ́bàá Ilé Ẹ̀kọ́

Èmi, Zachariah Oyèbọ̀dé, ọmọ bíbí Ọ̀kà Àkókó, tí ń ra kòkó àti ekùrọ́, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló wú, èémí mi ló ń kúrú. Orí mi pé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ lẹ́yìn mi pé àìsàn ló kọ ọ́, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ló dá àpò kòkó tútù padà lánàá láti orí ibùsùn.

Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni Florence ìyàwó mi. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta, Ìbíyínká, Rufus àti Elizabeth. Àti Ọlálérè àbúrò mi, tí yóò di olórí ẹbí tí mo bá kú. Florence àti Matthew, tíṣà ìjọ tó ń gbé Àkùngbá, ni mo fi ṣe alámòójútó. Tí Ọlọ́run bá dá mi sí di oṣù Ṣẹ́rẹ́, èmi fúnra mi ni n ó kó yín lọ sí Ìkàrẹ́, ẹ lè fi ìwé yìí dáná. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é bí mo ti kọ ọ́, kí ẹ sì tètè ṣe é.

Èkínní. Ilé mi ní Ìkàrẹ́, oníyàrá márùn-ún tí a fi páànù bò, ni mo fi sílẹ̀ fún Florence àti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á kí Elizabeth tó parí ìwé mẹ́fà.

N ó sọ ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀, kí ẹnì kan má baà fi ṣe pàṣípààrọ̀ nítorí pé ibòmíràn gbòòrò jù ú lọ. Agbo ilé wa lórí òkè jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́. Mo lọ sí Ìkàrẹ́ láti wá àdúgbò. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ṣẹ́ òwò ní ilé ìtajà òyìnbó kan ní Lọ́kọ́jà, ohun tí mo sì kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ ra ọjà, kí ó tú àpò náà dé ìdí. Mi ò tú ti ilẹ̀ àkọ́kọ́ dé ìdí. Ẹ̀yìn odò ló wà. Oṣù Ọ̀pẹ ni, ọyẹ́ ń fẹ́. Mo rìn láti ibẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́, mo ka ẹgbẹ̀rin ìṣísẹ̀, bàtà mi ò tutù. Mo sanwó lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó di oṣù Agẹmọ mo padà lọ, odò mù mí dé àyà. Ilẹ̀ tí ọmọ kò lè ti ibẹ̀ lọ kàwé fún oṣù mẹ́rin lọ́dún ni mo rà. Ọlálérè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí n ra ọkọ̀ ojú omi mọ́ ọn.

Ibi kejì wà lẹ́bàá ọjà. Ojú là níbẹ̀, àwọn èèyàn sì dára, ṣùgbọ́n mo jókòó sábẹ́ igi kan níbẹ̀ láàárọ̀ mẹ́ta, mo rí i pé ọmọ tó bá gbé síléètì jáde nílé, igbá ọjà ni yóò wà lórí rẹ̀ kí oòrùn tó gùn. Ìyá wọn kò burú; ọjà ló sún mọ́ wọn ju ìwé lọ. Ibi kẹta, ní ẹsẹ̀ òkè, ni mo kọ́lé sí. Kò sí odò láàárín. Kànga wà lẹ́yìnkùlé, nítorí náà ọmọ kò ní pọnmi títí tí agogo yóò fi lù. Àwọn ọmọ inú ilé mẹ́rin tó yí i ká ló ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí jù lọ. Ọmọ kì í dá nìkan jí lọ síbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í lọ.

Èkejì. Àgbò mi funfun ni kí ẹ fà fún Àsíátù Badmus ní Ìkàrẹ́, kí ó fi ṣọdún Iléyá. Òun ló ta ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè náà fún mi nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àwọn kò ní ta ilẹ̀ fún ará Ọ̀kà oníṣọ́ọ̀ṣì.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mo fẹ́ fi Àsíátù ṣaya kí n tó lọ sí Lọ́kọ́jà, tí bàbá rẹ̀ ní òun kò ní fọmọ fún ẹni tí kì í kírun. Nígbà tí Florence gbọ́ ibi tí ilẹ̀ wà, ó bi mí pé ṣé ilé ẹ̀kọ́ ni mo ń wá ni àbí Àsíátù. Mo ní méjèèjì ni mo bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ní pátákó ìkọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó dìde, ó fẹsẹ̀ rìn dé Ìkàrẹ́, ó wo inú kànga, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú, ó gbọ́ bí àwọn ọmọ Àsíátù ti ń ké kéwú kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó padà wá bi mí pé kí ni mo ń dúró dè tí mi ò tíì kan páànù. Ìyá Ìbíyínká, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà. Mo dúpẹ́.

Ẹ̀kẹta. Òṣùwọ̀n mi pẹ̀lú gbogbo irin rẹ̀, àti oko kòkó ọ̀nà Ìṣùà, ti Ìbíyínká ni. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àfi òun. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, mo ní kí a kó kòkó tán ná. Nígbà tó pé mẹ́jọ, mo ní kí a tún òrùlé ṣe. Nígbà tó pé mẹ́sàn-án, ilẹ̀ ẹ̀yìn odò ni mò ń bá ara mi jà lé lórí. Èmi tí mo máa ń lé oníkòkó tó bá pẹ́ dé padà, mo fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi falẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ó ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, wọ́n ní ó ti dàgbà jù láti bá àwọn ọmọ kékeré jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú nínú. Ẹ kọ́ ọ ní ìwé.

Ẹ̀kẹrin. Kẹ̀kẹ́ mi di ti Matthew. Kì í ṣe ẹ̀bùn, iṣẹ́ ni. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì yóò gùn ún lọ sí Ìkàrẹ́, yóò bi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ọjọ́ mélòó ni Rufus àti Elizabeth pa jẹ, lẹ́yìn náà yóò kọ́ Ìbíyínká ní ìwé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Tí ó bá pa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ, kí Florence gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún. Ilé bàbá wa ní Ọ̀kà, oko iṣu, àti ewúrẹ́ mẹ́fà, ti Ọlálérè ni. Mi ò fi nǹkan kan dè é.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá wa kú, tí wọ́n sì sin ín sí yàrá ìwájú. Ẹnì kan wá láti Ọ̀wọ̀ tó fẹ́ mú mi lọ kàwé. Àwọn àgbà ní àkọ́bí kì í fi sàréè bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Mo dúró. Nígbà tí mo pé ogún ọdún, mo sá lọ sí Lọ́kọ́jà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Ọlálérè ló dúró nípò mi. Títí di òní, tí a bá ń jà, ó máa ń ní èmi ni mo kàwé, òun ló gbálẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ.

Ẹ̀kẹfà. Àwọn àgbà ilé wa ní opó kì í kúrò nídìí sàréè ọkọ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọmọ kì í sì í fi ibi tí bàbá rẹ̀ sùn sílẹ̀. Tí ẹ bá sin mí sí Ọ̀kà, Florence yóò jókòó sínú yàrá dé oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn ọmọ yóò jókòó tì í. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì ti sọ fún mi pé àyè méjì tí òun fi sílẹ̀ dè wọ́n kò ní kọjá ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Mi ò bá àṣà jà. Mi ò ní àkókò rẹ̀. Ẹ sin mí sí yàrá ìwájú nínú ilé mi ní Ìkàrẹ́. Níbẹ̀ ni kí opó ti ṣọ̀fọ̀, níbẹ̀ ni kí àwọn ọmọ jókòó ti bàbá wọn, kí wọ́n sì máa ti ẹ̀gbẹ́ mi dìde lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń bèèrè. A kì í gbé òkú ọmọ Ọ̀kà jáde. Ẹ̀yìn odi ni a ti ń gbé e wá sílé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, Ọlálérè bi mí pé ṣé iṣu ni mí tí wọ́n yóò rù mí lọ sọ́jà Ìkàrẹ́. Ó ní àwọn ará ilé yóò sọ pé òun lé òkú ẹ̀gbọ́n òun síta kí òun lè jẹ ilé. Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ó bínú jáde. Òun sì ni yóò pàṣẹ fún àwọn tí yóò gbé mi. Tí kò bá tẹ̀ka, ohun tí mo kọ síbí yìí kò lágbára. Nítorí náà mo fi àyè sílẹ̀ fún un nísàlẹ̀, mi ò sì ní fọwọ́ sí i ṣáájú rẹ̀.

Mo kọ èyí kún un lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ọlálérè wá láàárọ̀ yìí, ó ní kí n ka gbogbo rẹ̀ fún òun. Mo kà á. Ó wá ní òun yóò tẹ̀ka, ṣùgbọ́n òun náà ní ọ̀rọ̀ kan tí n ó kọ sí i: kí wọ́n bu erùpẹ̀ nídìí sàréè bàbá wa, kí wọ́n gbé e ṣáájú mi, kí wọ́n sì dà á sí ilẹ̀ Ìkàrẹ́ kí wọ́n tó tẹ́ mi lé e, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo sùn sí. Ó ní òun fúnra òun ni yóò rù ú. Mo gbà. Agbọ̀n kan péré ni kí ó jẹ́; ọ̀nà jìn, ọrùn rẹ̀ kò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n sinmi ní Àkùngbá. Kí wọ́n má pẹ́ níbẹ̀.

A fọwọ́ sí i ní Ọ̀kà Àkókó, ọjọ́ karùn-ún oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1927.

Ọlálérè, àbúrò, tó gbà pé kí ó rí bẹ́ẹ̀ (àtẹ̀ka rẹ̀)

Zachariah Oyèbọ̀dé

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Tìjání, aránṣọ, Ọ̀kà
Memunat, aya Tìjání (àtẹ̀ka rẹ̀)