Ìgbàgbọ́ Kì í Wọ Súẹ́tà

Sọ́ńdè, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá

A ṣèpàdé lẹ́yìn ìsìn. Àwa àgbà ìjọ fẹ́ lọ pàgọ́ sórí òkè ní Lake District, ní ilẹ̀ England níbí, ká fi ọjọ́ mẹ́ta gbàdúrà. Ewé pàápàá ti ń sá kúrò lórí igi nítorí òtútù!

Díkónì tún táì ṣe bí ẹni tó fẹ́ kéde ogun. "Ẹ̀yin ará, ìgbàgbọ́ kì í wọ súẹ́tà."

Màmá Bọ́lá, tí ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé dé ọsibítù lóṣù tó kọjá, rọra fà mí láṣọ. "Tíṣà, ẹ bá mi sọ pé mi ò lè fara da òtútù yẹn. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mi ò nígbàgbọ́."

Díkónì ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè.

Mo nawọ́. Màmá Bọ́lá wò mí, ni Màmá náà bá nawọ́.

Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n nawọ́ bí nǹkan ò bá yé wọn. Tòní yé mi dáadáa, síbẹ̀ mo nawọ́.